Nígbà Tí Ara Bá Ń Bèèrè Sìgá: Ìnira Tó Ń Dé Bá Ẹni Tó Jáwọ́ Nínú Tábà

Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí bí ó ṣe yẹ kí àwọn oníṣègùn máa tọ́jú àgbàlagbà tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú tábà, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ náà. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìlànà ọ̀hún, "tọ́jú" ni ọ̀rọ̀ tó gbà mí lọ́kàn jù. Ó ti pẹ́ tí a ti ń bá amusìgá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ aláìgbọràn wí: a ní kó ṣe ọkàn akin, a ní kó ro ti àwọn ọmọ rẹ̀, a tún ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ sára páálí sìgá kí ẹ̀rù lè bà á. Kò sì jọ pé kò gbọ́. Àjọ náà ṣírò rẹ̀ pé nínú nǹkan bí bílíọ̀nù 1.25 èèyàn tó ń lo tábà káàkiri ayé, àwọn tó fẹ́ jáwọ́ lé ní ìdá 60 nínú 100, ìyẹn nǹkan bí 750 mílíọ̀nù, síbẹ̀ ìdá 70 nínú 100 àwọn tó ń lò ó ni kò ní ibi tí wọ́n ti lè rí ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ gbà.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ nínú wọn padà lójú ọ̀nà. Ìnira ara àti ti ọpọlọ tó máa ń dé nígbà tí nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, bá wọ́n lára ni, ìnira yìí sì ní ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀, ó ní ìgbà tó ń le jù, ó sì ní ìgbà tó ń rọlẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí ó ṣe ń lọ ló máa ń rò ní ọjọ́ kẹta pé bí ayé òun yóò ṣe máa rí títí lọ nìyí, tí yóò sì tún na ọwọ́ sí páálí sìgá.

Nikotíìnì ni ewé tábà fi ń de èèyàn mọ́lẹ̀. Orúkọ Jean Nicot, aṣojú ọba Faransé ní ilẹ̀ Pọtogí, tó fi tábà ránṣẹ́ sí ààfin ọba rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1560, ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Jámánì, Posselt àti Reimann, ló sì kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ewé náà ní ọdún 1828. Ó wà nínú sìgá, ó wà nínú èyí tí a ń fi ìkòkò mu, ó wà nínú aáṣáà àti nínú èyí tí a ń jẹ lẹ́nu. Èéfín ló kàn yára jù. Bí èèyàn bá ti fa sìgá, ẹ̀dọ̀fóró gba èéfín náà, ẹ̀jẹ̀ gbé nikotíìnì inú rẹ̀, kí ìṣẹ́jú àáyá 20 sì tó pé, ó ti dé ọpọlọ. Àwọn ẹnu ọ̀nà tín-ín-tìn-ín kan wà níbẹ̀ tí a dá fún èròjà mìíràn tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè, èyí tí wọ́n ń pè ní acetylcholine. Nikotíìnì jọ èròjà yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu ọ̀nà fi ń ṣí fún un. Bí ó bá ti wọlé, ọpọlọ a tú èròjà dopamine jáde, èyí tó máa ń jẹ́ kó dá wa lójú pé ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí dára, kí a tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Ẹni tó ń mu ogún sìgá lójúmọ́, tó sì ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́wàá, ti gba ẹ̀bùn kékeré yẹn nígbà 200 kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì ti gbà á nígbà 73,000 kí ọdún tó yípo. Yàtọ̀ sí mímí èémí àti ṣíṣẹ́ ojú, mi ò mọ ohun mìíràn tí ọmọ èèyàn ń ṣe tó bẹ́ẹ̀ lójúmọ́. Ọpọlọ náà kì í sì í fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tó rí i pé àlejò ń ya wọlé láìdábọ̀, ó fi ẹnu ọ̀nà kún ẹnu ọ̀nà, títí tí ti amusìgá fi pọ̀ ju ti ẹni tí kò mu ún rí lọ, gbogbo wọn ló sì ń retí. Nikotíìnì kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀: láàárín nǹkan bí wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ ti lọ, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì fi máa mọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù. Ìdí nìyẹn tí sìgá àárọ̀ fi ń dùn mọ́ wọn ju gbogbo èyí tó kù lọ. Karl Fagerström, onímọ̀ ará Sweden tí ìbéèrè rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí nikotíìnì ṣe de èèyàn tó, ti wà lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn láti ọdún 1978, ka iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín jíjí àti sìgá àkọ́kọ́ sí ohun pàtàkì. Ẹni tó ń ṣáná sí i láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún tó jí wà nínú ìdè tó le ju ti ẹni tó lè dúró di ọ̀sán lọ, kódà bí iye sìgá tí àwọn méjèèjì ń mu lójúmọ́ bá dọ́gba.

Bí a bá bi amusìgá léèrè ìdí tó fi ń mu ún, yóò ní ó ń fi òun lọ́kàn balẹ̀. Kò parọ́, nítorí ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àìbalẹ̀ ọkàn tí sìgá yìí wá mú kúrò, sìgá tó mu ṣáájú rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ nígbà tí nikotíìnì rẹ̀ ń tán lọ. Ó jọ ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé, tó tún wá ń bá olówó rẹ̀ wá a kiri, tí olówó ewúrẹ́ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 26 jọ, wọ́n sì rí i pé àníyàn, ìsoríkọ́ àti másùnmáwo dín kù lára àwọn tó jáwọ́ ju bí ó ṣe rí lára àwọn tó ń bá a lọ. Ó gba àwọn aláṣẹ ìlera Amẹ́ríkà pàápàá ní àkókò kí wọ́n tó pe ọ̀rọ̀ yìí ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìròyìn ńlá tí ọ̀gá àgbà oníṣègùn orílẹ̀-èdè náà gbé jáde ní ọdún 1964 sọ pé àṣà tó mọ́ni lára ni sìgá mímu. Ìgbà tó di ọdún 1988 ni C. Everett Koop, tó wà ní ipò náà nígbà yẹn, tó kéde pé nikotíìnì ń sọni di ẹrú gẹ́gẹ́ bí heroin àti cocaine ṣe ń ṣe. Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́. Bárakú ni à ń pè é, ohun tó ní òun yóò bá ara dé ojú ikú.

Bí èèyàn bá wá jáwọ́, kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn sìgá ìkẹyìn, ìgbà mìíràn láàárín wákàtí mẹ́rin péré, ìnira náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ló sábà máa ń le jù. Inú a máa bí i láìnídìí, ara rẹ̀ kò ní lélẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní dúró lórí iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, oorun rẹ̀ a máa já lóru, ebi a máa pa á, àwọn mìíràn a sì máa sunkún láìmọ ohun tí wọ́n ń sunkún sí. Ẹ wo ọkùnrin kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ní yàrá kejì, ó sì fò dìde pẹ̀lú igbe bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí ojú ti ń tì í. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti lọ sí àpò ẹ̀wù lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan, àpò tí kò ti sí nǹkan kan nínú rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Bí àwọn ará ilé kò bá mọ ohun tó ń lọ, wọ́n lè ní kó kúkú máa mu sìgá rẹ̀ lọ, ìwà rẹ̀ sàn jù báyìí lọ nígbà yẹn, wọn kò sì ní mọ̀ pé àwọn ti tì í ṣubú pẹ̀lú ọwọ́ ìfẹ́. Ohun tí mo máa ń gba ẹni tó fẹ́ jáwọ́ níyànjú ni pé kó ti sọ fún wọn ṣáájú, kó dárúkọ ọjọ́ náà, kó sì tọrọ àforíjì ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣẹ̀ wọ́n rárá.

Ara náà ní tirẹ̀ láti sọ. Egbò lè yọ lẹ́nu, òòyì lè máa kọ́ni díẹ̀, inú sì lè di, nítorí pé nikotíìnì wà lára ohun tó ń ti ìfun ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni ikọ́. Wọ́n jáwọ́ kí ikọ́ lè lọ, ikọ́ wá pọ̀ sí i. Àwọn irun tín-ín-tìn-ín kan wà nínú ọ̀nà èémí tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ìdọ̀tí sókè. Èéfín sìgá ti rọ wọ́n lápá rọ wọ́n lẹ́sẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì jí padà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbá láti ìgbà pípẹ́. Ikọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá a jáde, tàbí tí ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan bá kọjá tí kò rọlẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ dókítà.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn kì í sábà mẹ́nu bà, èmi sì rò pé ó ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà: kọfí. Àwọn èròjà kan nínú èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ́ kaféènì tó wà nínú kọfí àti tíì, nítorí náà amusìgá lè mu ife mẹ́rin kí ara rẹ̀ má mọ̀. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tó jáwọ́, ẹ̀dọ̀ ti padà sí bí ó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, ife mẹ́rin náà kò yí padà, kaféènì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè pọ̀ tó ìlọ́po méjì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, kò rí oorun sùn, ó sì dá a lójú pé sìgá ni ara òun ń bèèrè, nígbà tó jẹ́ pé kọfí ló ń bá a jà. Kí ó dín kọfí náà kù sí ìdajì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti tó. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn oògùn kan tí ẹ̀dọ̀ ń fọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀, pàápàá clozapine àti olanzapine tí a fi ń tọ́jú àrùn ọpọlọ: ìwọ̀n tó bá ara mu nígbà tí aláìsàn ń mu sìgá lè di àpọ̀jù lẹ́yìn tó jáwọ́. Ẹni tó bá ń lo oògùn èyíkéyìí lójoojúmọ́, tó fi mọ́ ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin nítorí àtọ̀gbẹ, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó di ọjọ́ tó fẹ́ dáwọ́ dúró.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìnira yìí fi ń wà. Àwọn onímọ̀ tó fi ẹ̀rọ yẹ ọpọlọ àwọn tó jáwọ́ wò rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, àwọn ẹnu ọ̀nà tó ti di púpọ̀ yẹn a padà sí iye tó wà lára ẹni tí kò mu sìgá rí. Ìyánhànhàn, ìyẹn bí ọkàn ṣe ń fà sí sìgá lójijì, ló máa ń pẹ́ díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n bí ìgbì omi ló ṣe ń wá: ó ń ru sókè, ó ń dé góńgó, ó sì ń wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kọjú ìjà sí i pẹ̀lú eyín pípayínkeke máa ń tètè rẹ̀. Ó sàn kó fún ọwọ́ àti ẹnu ní iṣẹ́ mìíràn: kó mu omi tútù díẹ̀díẹ̀, kó jáde kúrò nínú yàrá, kó rìn kíákíá yípo ilé, kó pe ẹni kan lórí fóònù, títí ìgbì náà yóò fi kọjá. Kó má sì tan ara rẹ̀ jẹ pé òun kàn fẹ́ jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ tó ń mu ún. Ọpọlọ ti so sìgá mọ́ ohun púpọ̀, mọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀yìn oúnjẹ, mọ́ ìró fóònù, mọ́ ìjókòó inú ọkọ̀, mọ́ ọtí ju gbogbo wọn lọ, ìsopọ̀ yìí sì ń tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí èèyàn bá ti la ibẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà láìṣáná. Ọtí ni mo rò pé ó yẹ kí a yẹra fún pátápátá ní oṣù àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni tó pinnu láti jáwọ́ kọ́ ló máa ń wà nídìí ife kẹta.

Sísanra ń ba àwọn kan lẹ́rù, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe asán: nǹkan bí kílò mẹ́rin sí márùn-ún ni èèyàn sábà máa ń fi kún ọ̀rá láàárín ọdún kan, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń fọn. Kò sí oníṣègùn kan tí yóò fi kílò márùn-ún wé ẹ̀dọ̀fóró.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ oògùn, níbi tí àìmọ̀ ti pọ̀ jù. Nínú 100 èèyàn tó bá dá sìgá dúró lófìfo, láìlo oògùn, láìgba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, mẹ́ta sí márùn-ún péré ni kò ní tíì padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Síbẹ̀ ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ jù ń gbà, àwọn èèyàn sì ń yìn ín gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà akọni. Èmi kò rí ohun ìyìn níbẹ̀. Ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ kì í kọ ìtọ́jú kí wọ́n lè pè é ní akíkanjú.

Nikotíìnì fúnra rẹ̀ ni oògùn tó gbajúmọ̀ jù, bí ó tilẹ̀ jọ pé a ń fi iná pa iná. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Sweden ní ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ogun inú ọkọ̀ abẹ́ omi, tí wọn kò gbọ́dọ̀ tan sìgá níbẹ̀, ń fi tábà jíjẹ lẹ́nu rọ́pò rẹ̀ láìsí wàhálà. Onímọ̀ oògùn kan tó ń jẹ́ Ove Fernö, tí òun náà ń mu sìgá gidigidi, wá ronú láti fi nikotíìnì sínú ṣíńgọ́ọ̀mù, ó sì dé ọwọ́ àwọn èèyàn ní ìparí àwọn ọdún 1970. Lónìí a rí èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ara, èyí tí à ń jẹ, èyí tí à ń fi sẹ́nu kó yòrò àti èyí tí à ń fín sí ẹnu tàbí imú. Wọ́n ń fi bí ìdajì kún iye àwọn tó ń ṣàṣeyọrí. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé nikotíìnì inú wọn yóò fún àwọn ní jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n èéfín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, pẹ̀lú ọ̀dà rẹ̀, pẹ̀lú carbon monoxide rẹ̀ àti èròjà tó ju 7,000 lọ tó wà nínú rẹ̀, tí nǹkan bí 70 nínú wọn sì ń fa jẹjẹrẹ. Nikotíìnì ló ń mú èèyàn padà sídìí sìgá. Èéfín ló ń pa á.

Ọ̀pọ̀ tó ní ṣíńgọ́ọ̀mù náà kò ṣiṣẹ́ fún àwọn, bí wọ́n ṣe jẹ ẹ́ ni kò tọ̀nà. Wọ́n jẹ ẹ́ bí ṣíńgọ́ọ̀mù ọmọdé, kíákíá, láìdúró, wọ́n gbé itọ́ rẹ̀ mì, òsúkè gbé wọn, inú wọn rú, wọ́n sì jù ú nù. Ara ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló yẹ kí nikotíìnì rẹ̀ gbà wọlé. Èèyàn á rọra rún un títí yóò fi máa ta á lẹ́nu bí ẹni jẹ ata díẹ̀, á dúró, á gbé e sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti erìgì, á fi sílẹ̀ níbẹ̀ títí ìtàlẹ́nu náà yóò fi lọ, lẹ́yìn náà á tún rún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, á sì tún gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ẹyọ kan ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Kò gbọ́dọ̀ mu kọfí tàbí omi èso kíkan ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú rẹ̀, nítorí pé kíkan wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbà á. Ó wà ní mílígíráàmù 2 àti 4. Ẹni tó ń mu sìgá àkọ́kọ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30 tó jí ni 4 wà fún. Èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ara rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: àárọ̀ ni a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó gbẹ tí kò nírun, a sì ń pààrọ̀ ojú ibẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá ń mú kí èèyàn máa lá àlá rúdurùdu, kó bọ́ ọ kó tó sùn. Èyí tó dára jù ni kí a lo méjèèjì pọ̀, kí èyí tó wà lára máa tú nikotíìnì jẹ́jẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ṣíńgọ́ọ̀mù sì wà nítòsí fún ìgbà tí ìyánhànhàn bá dé. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ni a sábà ń lò wọ́n. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn jáwọ́ nínú oògùn ní ọ̀sẹ̀ kẹta nítorí pé ara rẹ̀ ti yá, láìmọ̀ pé oògùn náà ló jẹ́ kó yá.

Àwọn tí kò ní nikotíìnì nínú, dókítà ló ń kọ wọ́n fúnni. Varenicline, tó jáde ní ọdún 2006, máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà nikotíìnì, a sì ṣí i díẹ̀, débi pé ìnira kò ní pọ̀, bí èèyàn bá sì fa sìgá, kò ní dùn mọ́ ọn mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ ìjáwọ́ ni a ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èébì lè máa gbéni, nítorí náà ẹ̀yìn oúnjẹ ni kí a lò ó. Cytisine, tí wọ́n yọ lára igi kan, ń ṣiṣẹ́ tó jọ ọ́, wọ́n sì ti ń lò ó ní Bulgaria láti àwọn ọdún 1960. Bupropion jẹ́ oògùn ìsoríkọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìjáwọ́ nínú sìgá ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1997, ẹni tí gìrì bá sì ti mú rí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Fún ọdún mélòó kan, ìbẹ̀rù wà pé varenicline àti bupropion lè da orí èèyàn rú, ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2016, lára àwọn èèyàn tó lé ní 8,000, kò rí i pé wọ́n fa irú wàhálà bẹ́ẹ̀ ju oògùn ẹ̀tàn, ìyẹn èyí tí kò ní oògùn kankan nínú, lọ. Varenicline ló sì ran àwọn tó pọ̀ jù lọ́wọ́. Ìlànà ọdún 2024 yẹn ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ nikotíìnì gẹ́gẹ́ bí oògùn tó yẹ, ó sì fi kún un pé kí òṣìṣẹ́ ìlera bá aláìsàn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ń ṣe ìrànwọ́. Dókítà tó ní òun kò ráyè kò ní àwíjàre mọ́.

Ní ti sìgá oníbátìrì tí ọ̀pọ̀ ń pè ní vape, àwọn ìwádìí fi hàn pé ó ń ran àgbàlagbà kan lọ́wọ́ láti kúrò nídìí sìgá, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi í sí ara ìtọ́jú tó dámọ̀ràn, ó sì ń kìlọ̀ nítorí àwọn ọmọdé tí wọn kò mu sìgá rí tó ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó tó sì ń mu sìgá lọ kò tíì jáwọ́ nínú nǹkan kan.

Ṣé kí a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni, àbí kí a dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà? Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2016, níbi tí àwọn tó ṣe èyí àti àwọn tó ṣe ìyẹn ti rí oògùn gbà, fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 49 nínú 100 ló dúró nínú àwọn tó dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, 39 sì dúró nínú àwọn tó ń dín in kù. Dídín in kù láìní ọjọ́ òpin ló léwu jù, nítorí pé ara mọ ìwọ̀n nikotíìnì tó ń fẹ́. Ẹni tó dín ogún kù sí mẹ́wàá a máa fa mẹ́wàá náà jinlẹ̀ títí yóò fi jó o lọ́wọ́. Ọkàn pàápàá kò mọ kékeré: ìwádìí ọdún 2018 kan fi hàn pé ẹni tó ń mu ẹyọ kan péré lójúmọ́ ṣì ru nǹkan bí ìdajì ewu àrùn ọkàn tí ẹni tó ń mu ogún fi ju ẹni tí kò mu lọ.

Ẹyọ kan yìí náà ló ń dá àwọn tó ti jáwọ́ padà. Arthur Brody àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn amusìgá ní ọdún 2006, wọ́n sì rí i pé bí èèyàn bá fa sìgá lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì péré, nikotíìnì ti gba ìdajì nínú àwọn ẹnu ọ̀nà pàtàkì yẹn fún wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó ní òun kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ti pe gbogbo wọn jí. Síbẹ̀, ẹni tó bá ṣubú bẹ́ẹ̀ kò ní láti ka gbogbo rẹ̀ sí òfò, kó sì mu páálí náà tán. Ó yẹ kó ju èyí tó kù nù, kó wo ibi tó wà àti ohun tó ń ṣe nígbà tó ṣẹlẹ̀, kó sì máa lo oògùn rẹ̀ lọ. Àwọn tó jáwọ́ pátápátá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Èrè rẹ̀ kì í dúró di ọjọ́ alẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú 20, ìlùkìkì ọkàn ti ń wálẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, carbon monoxide inú ẹ̀jẹ̀ ti padà sí bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ọdún kan, ewu àrùn ọkàn ti sọ̀ sí nǹkan bí ìdajì ti ẹni tó ń mu ún lọ. Àwọn onímọ̀ méjì, Richard Doll àti Austin Bradford Hill, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1951, nígbà tí àbájáde àádọ́ta ọdún sì jáde ní ọdún 2004, ó hàn pé ẹni tó jáwọ́ ní ọmọ ọdún 60 jèrè nǹkan bí ọdún mẹ́ta kún ẹ̀mí rẹ̀, ẹni ọdún 50 jèrè mẹ́fà, ẹni ọdún 40 jèrè mẹ́sàn-án, ẹni ọdún 30 jèrè mẹ́wàá, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí sìgá ìbá gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí ọ̀sán ti ń rọrùn, ohun kan máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ wọn lóru. Wọ́n á lá àlá pé wọ́n mu sìgá, àlá tó hàn gbangba tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n á fi jí pẹ̀lú ìbànújẹ́ ẹni tó ti ba iṣẹ́ oṣù kan jẹ́. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1991 rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó jáwọ́ ló lá irú àlá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, àti pé àwọn tó lá a ló ṣeé ṣe jù kí wọ́n má padà sídìí rẹ̀. Èèyàn á jókòó sójú ibùsùn nínú òkùnkùn, á gbé ìka ọwọ́ rẹ̀ sí imú, á gbóòórùn wọn, kò ní gbọ́ òórùn kankan, á sì tún padà sùn.